Lẹ́yìn Ṣaworoidẹ, Kí Ló Kù Tí A Ó Wò?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti fi fóònù sápò kí n tó bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá fẹnu bà lónìí kò le létí rárá: mo wo fíìmù kan, ó dùn mọ́ mi, èwo ni kí n wò tẹ̀lé e? Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ Sátidé, tí rìmóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń yẹ àwòrán fíìmù wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọbẹ̀ fi dì sínú àwo. Ẹgbẹ̀rún fíìmù wà níwájú rẹ̀, kò rí ọ̀kan wò. Níkẹyìn, á tún padà sí èyí tó ti wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Mi ò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí lófuurufú, torí náà ẹyọ fíìmù kan ni màá dì mú: Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání gbé jáde lọ́dún 1999. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ti wò ó. Àwọn kan wà níbí tí wọ́n ti wò ó débi pé bí Bàbá Ọ̀pálábá, àgbà olówe inú rẹ̀, bá la ẹnu, àwọn ni wọ́n á parí ọ̀rọ̀ fún un. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa kò ju báyìí lọ: bí fíìmù bá dùn mọ́ yín, ẹ wá ọwọ́ tó ṣe é lọ, kí ẹ sì wá ọ̀ràn tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ẹ má wá òmíràn tó kàn wọ irú aṣọ kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n rán àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n wò ó létí. Ní ìlú Jogbo, májẹ̀mú wà láàárín ọba àti ará ìlú. Adé, ìlù onídẹ kan tí wọ́n ń pè ní ṣaworoidẹ, àti gbẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sín fún ọba ló so májẹ̀mú náà ró. Ọba tó bá dé adé láìṣe ètùtù yìí, ọjọ́ tí wọ́n bá lu ṣaworoidẹ sí i létí, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité fẹ́ jọba, kò sì fẹ́ ṣe ètùtù, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá ti bá ìlú mulẹ̀ kò lè kó owó ìlú jẹ. Tipátipá ló fi gba adé. Àwọn agégẹdú wọ igbó Jogbo, wọ́n ń gé igi lọ ràì, owó ń wọ àpò ọba àtàwọn ìjòyè. Nígbà tó yá, sójà kan tó ń jẹ́ Lágàta gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì gbé adé karí. Ẹ mọ ohun tí ìlù fi ṣe é. Ọdún tí fíìmù yìí jáde gan-an ni àwọn ológun gbé ìjọba Nàìjíríà fún alágbádá, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Kò sí ẹni tó wò ó nígbà náà tó ní kí wọ́n ṣàlàyé Lágàta fún òun.

Ẹ wá mú èèyàn mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ràn fíìmù yìí. Ẹni àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ló gbà á lọ́kàn: ìlù tó ń fọhùn, òwe tó ń já lu òwe, bí èdè ṣe ń dùn lẹ́nu Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Ọ̀pálábá. Ẹni kejì, ọ̀rọ̀ ìlú ni tiẹ̀: ó wo Jogbo, ó rí ibi tí òun ń gbé. Ẹni kẹta, nǹkan abàmì ló fẹ́ràn: ìlù tó ń pa ọba. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bi yín pé kí ni ká wò tẹ̀lé e, tí ẹ sì fún gbogbo wọn ní èsì kan náà, ẹni méjì nínú wọn ni ẹ máa ṣì lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí èèyàn tó wá fíìmù mìíràn lọ, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: ibo gan-an ni mo ti sún àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n? Ibo ni mo ti ní káwọn ọmọ dákẹ́? Ẹni tó bá lè dáhùn ìyẹn ti wá fíìmù tó kàn dé ìdajì.

Ẹ̀rọ tó ń yan fíìmù fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í bi yín ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, torí òun ni ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu báyìí. Ọgbọ́n tó ń lò kò ṣòro láti lóye. Ó ń wo ohun tí ẹ ti wò, ó ń wá àwọn mìíràn tí wọ́n wo ohun kan náà, lẹ́yìn náà ó máa gbé ohun tí àwọn yẹn tún wò wá síwájú yín. Ní Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà, láti 1997 ni wọ́n ti ní MovieLens, níbi tí èèyàn ti ń fún fíìmù ní máàkì kí ẹ̀rọ lè fún òun náà ní ìmọ̀ràn. Nígbà tó di 2006, Netflix sọ ọ́ di ìdíje: mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹni tó bá lè fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tún ẹ̀rọ wọn ṣe, nídìí mímọ máàkì tí oníbàárà máa fún fíìmù kó tó wò ó. Máàkì tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, lórí fíìmù 17,770, ni wọ́n kó fún àwọn tó ń díje. Ó di 2009 kí ẹgbẹ́ kan tó gba owó náà. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni pé Netflix fúnra wọn sọ lẹ́yìn náà pé àwọn kò lo odindi iṣẹ́ tó gbégbá orókè yẹn, torí làálàá gbígbé e wọ inú ẹ̀rọ wọn ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ní 2017, wọ́n yọ ìràwọ̀ márùn-ún tí èèyàn fi ń fún fíìmù ní máàkì, wọ́n fi àtàǹpàkò rọ́pò rẹ̀: o fẹ́ ẹ àbí o ò fẹ́ ẹ.

Mi ò bú ẹ̀rọ. Fún fíìmù tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ti wò, tí wọ́n sì ti sọ èrò wọn síbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú káṣẹ́ẹ̀tì fídíò ni sinimá àgbéléwò tiwa ti wá. Ẹni tó yá káṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù fídíò ní 1995, tó wò ó tán, tó gbé e fún ará ilé kejì, tí wọ́n jọ fi ọ̀sẹ̀ kan gbàdúrà kí irú ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ sí wọn, kò tẹ bọ́tìnnì kankan. Èrò rẹ̀ kò sí níbi tí ẹ̀rọ ti lè kà á. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ fún ẹ̀rọ pé ẹ fẹ́ràn Ṣaworoidẹ, ohun tó hàn lójú ló rọrùn fún un láti dì mú: ọba, adé onílẹ̀kẹ̀, oògùn, ilé alámọ̀. Fíìmù ẹlẹ́ṣin, ti ọba àti jagunjagun ayé àtijọ́, lá máa tú jáde fún yín.

Kì í ṣe pé fíìmù ẹlẹ́ṣin kò dára o. Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé sórí Netflix ní 2022, mo wò ó, mo tún un wò. Aṣọ òfì rẹ̀ nìkan tó èèyàn wò. Àmọ́ ọ̀ràn Ṣaró kì í ṣe ọ̀ràn Lápité. Àjèjì ni Ṣaró, ẹyẹ àkàlà jí i dìde, agbára jíjí òkú bọ́ sí i lọ́wọ́, ojúkòkòrò sì gbé e dé ibi tó gbé e dé. Kò bá ìlú kankan dá májẹ̀mú, ìlú kankan kò sì fọkàn tán an pé yóò mú àdéhùn ṣẹ. Tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé Aníkúlápó ló dùn mọ́ òun jù, Ṣaworoidẹ kọ́ ni màá kọ́kọ́ júwe fún un. Ọ̀run Mooru ti Bàbá Sàlá, ti 1982, ni màá ní kó wá rí, níbi tí ọkùnrin tí ọrọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti wá ikú lọ, tó sì tún padà wá sáyé. Ẹ̀rín pọ̀ nínú ìyẹn, kò sẹ́ṣin níbẹ̀, síbẹ̀ ìdílé kan náà ni wọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ọwọ́. Ọ̀nà tí mo gbà gbọ́ jù ni ti òǹkọ̀wé. Bí fíìmù bá parí, ẹ má tíì pa á. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa gòkè lọ títí á fi kan "To God Be the Glory". Ẹni tó kọ Ṣaworoidẹ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn, tó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ifẹ̀, tó papòdà ní 2018. Ẹ mú orúkọ yìí nìkan, ẹ máa tẹ̀lé e. Ibi àkọ́kọ́ tó máa gbé yín dé ni Kòṣeégbé, eré orí ìtàgé rẹ̀ tí Kèlání sọ di fíìmù ní 1995. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan kọ̀, kò gba rìbá, àwọn tó yí i ká sì dìtẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí adé níbẹ̀, kò sí ìlù tó ń pa èèyàn, yúnifọ́ọ̀mù ni wọ́n wọ̀. Lójú tèmi, kò sí fíìmù tó tún jọ Ṣaworoidẹ tó o. Ohun tó ń jẹ Ìṣọ̀lá lọ́kàn nínú méjèèjì kò yàtọ̀: kí ni kí ìlú ṣe bí ìbúra ò bá já mọ́ nǹkan kan mọ́, tí ẹni tó bá pa á mọ́ ló ń jìyà? Ẹ̀rọ lè má so méjèèjì pọ̀, torí àwòrán wọn kò jọra.

Agogo Èèwọ̀, ti 2002, ló tẹ̀lé Ṣaworoidẹ gẹ́lẹ́. Jogbo náà ni, ìjòyè tó ti mọ owó kó ṣì wà láàfin, ọba tuntun, Adébòsípò, sì ń wá bó ṣe máa tún ìlú ṣe. Màá sọ èrò mi láìfi bò: kò mú bíi ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ sísọ pọ̀ níbẹ̀ ju ìṣẹ̀lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, torí ó béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ fíìmù kì í béèrè, ìyẹn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí apàṣẹwàá bá ti lọ tán. Ìpàdé ni, ẹjọ́ ni, àwọn tó ń kó owó jẹ tẹ́lẹ̀ ṣì jókòó sórí àga wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn mọ́, Ó Le Kú ni màá rán an sí. Ìwé ìtàn àròsọ tí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974 ni, Kèlání sì ṣe é ní fíìmù ní 1997. Àjàní ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó ń wá ìyàwó, àwọn omidan sì pọ̀ lọ́nà: Àṣàkẹ́, Lọlá, Ṣadé. Ẹ ò ní rí òṣèlú níbẹ̀ rárá. Ẹ máa gbọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ayé ìgbà náà ṣe ń fi Yorùbá tage, tí ẹnu dùn ju oyin lọ, tí inú sì kún fún ìdààmú. Ìró péńpé àti bùbá tí àwọn obìnrin wọ̀ nínú rẹ̀ sì gbòde kan lẹ́yìn tó jáde, wọ́n ń pè é ní ólekú. Àwọn ìyá kan wà níbí tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rán an nígbà náà.

Ọwọ́ kejì ni ti Fálétí fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé òṣèré ni bàbá náà. Akéwì ni, òǹkọ̀wé ni, ó sì ṣiṣẹ́ ní WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Ìwé rẹ̀ Ọmọ Olókùn Ẹṣin, lórí àwọn tó kọ̀ láti máa sìn bí ẹrú lábẹ́ ìlú mìíràn, ni wọ́n fi ṣe Ìjà Òmìnira ní àsìkò tí Adé Love àti Ọlá Balógun ń gbé fíìmù Yorùbá wọ ilé sinimá. Ó tún kọ eré Baṣọ̀run Gáà. Ìtàn Gáà yìí kan náà, Baṣọ̀run tó ń fi ọba jẹ, tó sì ń pa ọba l'Ọ̀yọ́, ni Bọ́lánlé Austen-Peters padà sí nínú House of Ga'a, tó jáde lórí Netflix ní 2024, tí Fẹ́mi Branch sì ṣe Gáà. Ẹni kejì wa, ẹni tọ̀rọ̀ ìlú ká lára, ẹ jẹ́ kó lọ síbẹ̀. Lápité ń sá fún ìbúra; Gáà ti búra tán, ó wá fi agbára tí ìbúra fún un gba ìlú mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá wò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ẹ máa rí ohun láti bá ara yín jiyàn lé lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìtàn Fálétí náà ló wà nídìí Thunderbolt: Mágùn, tí Kèlání ṣe ní 2001. Ngozi, ọmọ Igbo, fẹ́ Yínká, ọmọ Yorùbá. Ìfura wọ ilé, wọ́n sì fi mágùn lé obìnrin náà lára láìmọ̀. Èdè Òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Bó ṣe ń gbé dókítà òyìnbó àti oníṣègùn ìbílẹ̀ kojú ara wọn kò ní ìkánjú nínú, kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Olùdarí ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n tọ́ l'Abẹ́òkúta ni Kèlání. Kámẹ́rà ló kọ́kọ́ dì mú, ó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì dá ilé-iṣẹ́ fíìmù tirẹ̀, Mainframe, sílẹ̀ ní 1991. Ìwé ni Kèlání ń kà kó tó ya fíìmù. Màámi wá láti inú ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, Sídí Ìlújinlẹ̀ wá láti inú eré Wọlé Ṣóyínká. Ẹni tó bá fẹ́ràn Kèlání, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé ni nǹkan tó kàn fún un, kó sì padà wá wo fíìmù lẹ́yìn náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń fajú ro sí mi. Ẹ má bínú, mi ò lè fi pamọ́.

Ọ̀nà òṣèré ni èyí tí èèyàn púpọ̀ ń tọ̀, òun náà ló sì ń tanni jù. Òṣèré tiwa lè wà nínú ọ̀pọ̀ fíìmù láàárín ọdún kan. Ojú kan náà, ilé kan náà, ìyá ọkọ kan náà tó ń pariwo. Ẹ máa rí Kọ́lá Oyèwọ̀ tó ṣe Lápité, Peter Fátómilọ́lá àti Léré Pàímọ́ níbi tó pọ̀, ibi tó dára àti ibi tí kò dára. Àmọ́ ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtá, àrẹ̀mọ tí wọ́n gbé pamọ́. Kúnlé Afọláyan ni, ọmọ Adé Love. Ó ṣiṣẹ́ báńkì, ó kúrò níbẹ̀, ó di olùdarí. Fún ẹni kẹta wa, ẹni tí ìlù tó ń pa ọba ká lára, Araromire tó ṣe ní 2009, tí wọ́n tún ń pè ní The Figurine, ni kó lọ wò kíákíá. Agùnbánirọ̀ méjì rí ère kan nínú ojúbọ tó ti dahoro nínú igbó, wọ́n gbé e. Ọdún méje tó tẹ̀lé e, gbogbo nǹkan ń dára. Ọdún méje mìíràn ṣì ń bọ̀. Adùn rẹ̀ wà nínú pé fíìmù náà kò fi dá yín lójú bóyá ère ló ṣe é tàbí èèyàn. Bákan náà, October 1, ti 2014, nípa ọlọ́pàá kan tó ń wá apànìyàn ní abúlé nígbà tí òmìnira 1960 kù sí dẹ̀dẹ̀, ó yẹ fún ẹni tọ̀rọ̀ ìlú ká lára. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ti 1993 náà ńkọ́, níbi tí àwọn tó ta ilẹ̀ ti ń kú tẹ̀lé ara wọn, tí Bàbá Wándé kò sì mọ ibi tí yóò sá gbà? Ìyẹn, ẹni kejì àti ẹni kẹta lè jọ jókòó wò ó.

Wàyí o, ìbéèrè tó wà nínú fíìmù lè gbé èèyàn kúrò nílé pátápátá. Ní Japan, Akira Kurosawa mú Macbeth ti Shakespeare, ó sọ ọ́ di Throne of Blood ní 1957. Jagunjagun kan pàdé abàmì nínú igbó, ó sọ fún un pé yóò di olórí. Ó pa ọ̀gá rẹ̀, ó gba ipò, ọfà àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló sì padà pa á. Ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Lápité. Wọ́n ti sọ fún Lápité pẹ̀lú láti ìbẹ̀rẹ̀ ohun tí ìlù náà lè fi ṣe é. Ó gbọ́, ó rò pé òun gbọ́n ju ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ní Senegal, Ousmane Sembène ṣe Xala ní 1975, láti inú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Òwe tó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò nílò ohùn púpọ̀: àwọn ọmọ ilẹ̀ gba ilé-iṣẹ́ òwò lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, wọ́n lé wọn jáde, kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó náà tún wọlé, wọ́n gbé àpò owó sí iwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹnu sì pa mọ́. El Hadji, ọ̀kan nínú wọn, fẹ́ ìyàwó kẹta. Lálẹ́ ìgbéyàwó, ara kọ̀ ọ́. Wọ́n ti fi ègún lé e. Mi ò ní sọ ẹni tó fi lé e, àmọ́ ẹni tó bá ti wo Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ máa ń mọ̀ kí fíìmù tó parí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ; Sembène kì í ṣe ẹni tó ń fajú ro sí èèyàn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ti òkèèrè ni Yeelen, tí Souleymane Cissé ṣe ní Mali, tó gba ẹ̀bùn àwọn adájọ́ níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní 1987. Bàbá tó jẹ́ awo ń lé ọmọ rẹ̀ kiri ilẹ̀ Bambara láti pa á, àwọn tó ń bá a wá a sì ń gbé òpó igi kan tó ń júwe ọ̀nà fún wọn. Ẹ ò ní gbọ́ èdè náà, ẹ ó ka ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Ẹ má sá fún un nítorí ìyẹn. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń ka ìtumọ̀ sísàlẹ̀ fíìmù tiwa lójoojúmọ́, nígbà míì ìtumọ̀ náà a sì máa sọ ohun tí òṣèré kò sọ! Ẹni tí ìlù onídẹ náà dẹ́rù bà máa mọ òpó yẹn lójú ẹsẹ̀ tó bá rí i.

Bí a ṣe ń wá wọn ńkọ́? Èyí kò pẹ́. Ẹni tó bá kọ àmì ohùn sórí orúkọ fíìmù Yorùbá lè má rí nǹkan, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ láìní àmì, ẹ so ó pọ̀, ẹ tún yà á sọ́tọ̀: Saworoide, Saworo Ide. Ẹ fi orúkọ òǹkọ̀wé tàbí olùdarí kún un. Ẹ kíyè sí pé àwọn kan a máa fún fíìmù àtijọ́ lórúkọ tuntun kó lè dà bíi pé àná ló jáde, wọ́n á sì gé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lópin rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ní kí ẹ máa kà. Bí ẹ bá rí i níbi tó jẹ́ ti olóhun, ẹ sanwó síbẹ̀. Ọ̀run Mooru tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ajíṣẹ́tà ló tà á kiri, tí gbèsè fi wọ Bàbá Sàlá lọ́rùn.

Mo ní kí wọ́n fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi ṣáájú. Ìyá kan béèrè pé, ìyá ọkọ òun wo Àyìnlá, fíìmù tí Kèlání ṣe ní 2021 nípa Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí wọ́n pa l'Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980. Màmá ń béèrè irú rẹ̀, òun ò sì mọ ohun tí òun máa fún wọn. Màmá, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Lateef Adédiméjì tó ṣe Àyìnlá ni, ẹ fi Líṣàbí ti 2024 hàn wọ́n, òun náà ló ṣe Líṣàbí, ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá náà sì ni. Bí ó bá jẹ́ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin tí orin gbé ga, tí ìbínú àti àwọn tó yí i ká sì ń fà á lọ sí ikú, ẹ wá The Harder They Come fún wọn, tí Perry Henzell ṣe ní Jamaica ní 1972, tí Jimmy Cliff ṣe olórí eré rẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ lè máa túmọ̀, kí ẹ sì ṣọ́ àwọn ọmọdé, ìbọn wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní orin náà ló dùn mọ́ àwọn, pé ìtàn kò kan àwọn, ẹ má wá fíìmù kankan. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ gbé àwo Àyìnlá gan-an sí i fún wọn, èyí tó ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ àwo orin EMI, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n bá ti mọ orin rẹ̀ kọ.